Ìkìlọ̀ o! Rímù tí wọ́n dán wò lójú yín kọ́ ni wọ́n ń gbé sí búùtù

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ bíréèkì iwájú mọ́tò yín sí èyí tó tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí búùtù yín báyìí. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára sípéà táyà yín kí ẹ tó ka ìyókù.

Camry Muscle ni mò ń wà, ti ọdún 2008. Rímù 16 ló gbé wá láti iléeṣẹ́. Ẹrù ni mo máa ń kó lọ sí Ìbàdàn, bíréèkì rẹ̀ ò sì gbé ẹrù náà mọ́, ni mo bá ní kí wọ́n fi dísìkì 330 mílímítà sí iwájú, pẹ̀lú kálípà onípísítìnì mẹ́rin (irin tó máa ń fún dísìkì mọ́ra bí ẹ bá tẹ bíréèkì) àti rímù 18 sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹkáníìkì mi sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé sípéà 16 ò lè wọ iwájú mọ́, pé kálípà ti gba gbogbo àyè inú rímù, kí n lọ wá 17. Mo gbọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ sọ pé "òun náà ò ṣe ìwádìí", ẹ pa ẹnu dé ná.

Mo lọ sí Ládípọ̀, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta rímù. Mo ní rímù 17 ni mo fẹ́, oníhò márùn-ún, tó máa gba orí kálípà yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mọ́tò yín dà?" Àwọn ọmọ rẹ̀ fi jáàkì gbé mọ́tò, wọ́n tú ẹsẹ̀ iwájú, wọ́n gbé rímù onírin dúdú kan sí i. Ó wọlé. Wọ́n fọwọ́ yí i, ó ń yí, kò ha níbì kankan. Èmi fúnra mi ki ọmọńdinrín mi bọ àárín kálípà àti rímù, ó kọjá. Ṣé ẹ gbọ́? Mo dán an wò! Kí ni ẹ fẹ́ kí n tún ṣe, kí n sùn tì í?

Mo fi ₦85,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Ó ní kí ọmọ kan yí táyà náà lọ fún un ní afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń wo fóònù, torí ó ní òun ò tíì rí alẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà yí rímù onírin dúdú padà dé, wọ́n ti fi òróró kun táyà rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ó gbé e sí búùtù, ó tún fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún wa lówó omi." Mo fún un. Olè ń jà mí lọ́wọ́, mo tún fún un lówó omi!

Ìbàfò ni táyà iwájú ọwọ́ òsì ti bẹ́, lálẹ́, lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Mo gbé sípéà sí i, kò jókòó. Imú bóòtù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta, nọ́ọ̀tì ò rí nǹkan dì mú. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fẹsẹ̀ tì í, irin ń gbá irin. Ni mo bá tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi àtàǹpàkò nu òróró kúrò lára táyà: 215/60R16. Mo tún nù ún. 16! Àyà mi já. Ọjọ́ tó bá a wá tún ńkọ́? 1114, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014. Táyà tòkunbọ̀ wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọlé, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi òróró kùn fún mi.

Ẹ má sì sọ pé ó yẹ kí n fojú mọ̀ ọ́n. 215/60R16 àti 215/55R17, bí ẹ bá gbé wọn tira, gíga wọn ò fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà ju ara wọn lọ, torí ara táyà 16 ló ga ju ti 17. Àwọn olè yẹn mọ̀. Nǹkan tí wọ́n ń jẹ nìyẹn.

Ẹnì kan tó dúró ní kí n fi wọ́ṣà sẹ́yìn rímù kó lè jìnnà sí kálípà. Òmíràn ní tílẹ̀ bá mọ́, òun á mú gíráíńdà wá, á fi ha kálípà. Bíréèkì! Pé kí wọ́n ha bíréèkì! Bàbá onítírélà kan ló gbà mí. Wọ́n ní, "Ti ẹ̀yìn ńkọ́, ṣé o pààrọ̀ bíréèkì ẹ̀yìn?" Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n tú 18 ẹ̀yìn wá síwájú, kí n gbé 16 yẹn sẹ́yìn. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo rọra wà á délé. Olúwa á bá mi san án fún wọn.

Mo pe ọlọ́jà lówùúrọ̀. Ó ní 17 lòun tà, pé bóyá fọkanáísà mi ló pààrọ̀ rẹ̀. Fọkanáísà wo? Ó tún ní kí n gbé e wá, kí n fi ₦30,000 lé e, òun á fún mi ní 17. Kí n fi owó lé owó mi! Gbogbo wọn ni. Ẹni tó ta kálípà fún mi ò tíì rẹ́ mi jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà, ṣé mo ti tú u wò ni?

Ó dáa, ẹ gbọ́ kíá: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí rímù kí wọ́n tó tú u kúrò lẹ́sẹ̀ mọ́tò. Ẹ má jẹ́ kó kúrò lójú yín, afẹ́fẹ́ o, omi o. Ẹ ka nọ́ńbà ara táyà. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ tún un gbé síwájú, kí ẹ sì fọwọ́ yí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní rímù 17 nílé tí kò lò mọ́, oníhò márùn-ún, tí òbìrí ihò bóòtù rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 114.3, kó kọ̀wé sí mi. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀ mọ́ ọn. Èmi ni máa wá gbé e, èmi náà ni máa gbé e sí búùtù.