Ojúlé I-94 ti Amẹ́ríkà: ó mọ ọjọ́ tí ẹ wọlé, ọjọ́ tí ẹ jáde kò dá a lójú

Ìyá tó ti lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí, tó sì ti padà sí Ìkéré tàbí Ìjerò, bó bá tún ń wá físà, fọ́ọ̀mù DS-160 yóò bi í ní ọjọ́ tó wọ ìlú wọn àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, títí dé ìrìn-àjò 5 tó lọ kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló ń fojú bù ú. Ewu wà níbẹ̀, torí pé àkọsílẹ̀ tí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin náà lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ní i94.cbp.dhs.gov, ojúlé CBP, àjọ tó ń ṣọ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà. Ní ti wíwọlé, iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ní ti jíjáde, ẹ má fọkàn tán an.

I-94 ni àkọsílẹ̀ ìwọlé àlejò sí Amẹ́ríkà. Títí di 2013, káàdì funfun ni, tí wọ́n máa ń fi píìnì so mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù àlejò. Lọ́dún náà ni wọ́n gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá gba ọ̀nà òfuurufú tàbí ojú omi wọlé. Bí ẹ bá ṣí ojúlé yìí, ibi méjì ló ṣe pàtàkì: "Get Most Recent I-94", tó ń fi ìwọlé tó kẹ́yìn hàn, àti "View Travel History", tó ń to ọjọ́ wíwọlé àti jíjáde fún ọdún 10 sẹ́yìn. Orúkọ, orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù àti orílẹ̀-èdè tó fún yín ni wọn yóò béèrè.

Orúkọ ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ ìdílé ní àyè tirẹ̀ lórí pásípọ́ọ̀tù wa, gbogbo orúkọ yòókù á sì wà lójú kan. Ká ní FALADE ló wà lókè, tí COMFORT IBIDUN wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá tẹ COMFORT nìkan sí "First Name" lè gbọ́ pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan. COMFORT IBIDUN lódindi ni kó tẹ̀, kó fi àlàfo sáàárín. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú-ewé fọ́tò: ohun tí ẹ̀rọ kà níbẹ̀ ló wọ kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì gbìyànjú orúkọ bíi Ade-Ojo láìsí ìlà àárín rẹ̀. Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù wa jẹ́ lẹ́tà 1 àti nọ́ńbà 8. Àwọn kan máa ń fo lẹ́tà yẹn. Pásípọ́ọ̀tù tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà l'Ádó sì lè má mú ìrìn-àjò tí ẹ fi ti àtijọ́ lọ jáde. Ti àtijọ́ ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má jù ú nù.

Lórí I-94 fúnra rẹ̀, "Admit Until Date" ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Déètì yẹn ló sọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ kúrò, kì í ṣe déètì orí físà. Ní oṣù keje 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní físà oṣù 3, àwọn ènìyàn sì ń da méjèèjì pọ̀: oṣù 3 yẹn ni àkókò tí ẹ lè fi físà náà wọlé. Ẹ tẹ I-94 náà sórí ìwé nígbà tí ẹ ṣì wà lọ́hùn-ún. Bí déètì tàbí irú físà bá ṣì kọ, ọ́fíìsì CBP tí wọ́n ń pè ní Deferred Inspection ló ń tún un ṣe.

Kí ló dé tí ìjáde fi máa ń sọnù? Ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó, ìmígíréṣọ̀n á lu òǹtẹ̀ fún ẹni tó ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ìjáde. Orúkọ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fi ránṣẹ́ ni wọ́n gbára lé. Orúkọ tó yàtọ̀ díẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì lè mú kí ìjáde má bá ìwọlé pàdé, olúwa rẹ̀ á wá dà bí ẹni tó lò kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní December 26, 2025 gbà wọ́n láyè láti ya fọ́tò gbogbo àlejò nígbà ìjáde. Ó yẹ kí ìyẹn dín in kù. Síbẹ̀, ẹ tọ́jú bọ́ọ̀dìn páàsì àti òǹtẹ̀ ìwọlé Èkó. Ìwé báńkì tó fi hàn pé ẹ gbowó l'Ádó lọ́sẹ̀ tí ẹ dé náà wúlò.

Ohun tí wọ́n ń tọ́jú ju ohun tí wọ́n ń fi hàn lọ fíìfíì. Ọdún 75 ni CBP ń pa àkọsílẹ̀ ìkọjá ẹnubodè àlejò mọ́, ọdún 15 péré fún ọmọ ilẹ̀ wọn àti ẹni tó ní gíríìnì káàdì. Ọmọ Èkìtì ẹni ogún ọdún tó lọ lónìí yóò ti pé 95 kí tirẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Yúróòpù kò tó bẹ́ẹ̀ rárá: ẹ̀rọ EES, tó ń kọ ìwọlé àti ìjáde àlejò sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní October 2025, ń pa tiwọn mọ́ fún ọdún 3, tàbí 5 bí wọn ò bá rí ìjáde yín. Ẹni tó bá fẹ́ ti Amẹ́ríkà tó ju ọdún 10 lọ lè kọ ìwé FOIA, ìyẹn ìwé ìbéèrè fún àkọsílẹ̀ ìjọba, sí CBP. Kò dìgbà téèyàn bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn.

Ohun kan tí kò tẹ́ wa lọ́rùn rárá ni pé ojúlé yìí kò ní páásíwọ̀ọ̀dù. Gbogbo ohun tó ń béèrè ló wà lójú-ewé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá ní fọ́tòkọ́pì yín, títí kan ọmọ káfẹ̀ tí ẹ fi í sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, lè wo ìrìn-àjò yín. Ẹ ní kó pa á rẹ́ lójú yín. Bí ojúlé tó ṣí sílẹ̀ fún yín bá sì ń béèrè owó káàdì kó tó jẹ́ kí ẹ wo àkọsílẹ̀ yín, ẹ tì í: ọ̀fẹ́ ni tìjọba, àdírẹ́sì rẹ̀ sì parí sí .gov.