Scirocco, E30, 914 tàbí 504 Coupé: línkéèjì gíà èwo ló rọrùn láti tún ṣe ní Àbújá?

Tí ènìyàn bá fẹ́ ra mọ́tò spọ́ọ̀tì àtijọ́ ní Àbújá, ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ máa ń béèrè, lẹ́yìn náà bọ́dì, lẹ́yìn náà AC. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá gíà kì í wá sí i lọ́kàn títí tó fi sanwó tán, tó gbé mọ́tò bọ́ sí títì, tó wá ń ro ọ̀pá náà bí ẹni ń ro àmàlà kó tó rí gíà kejì. Ìgbà yẹn ló máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé, "Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ọ̀gá mi, ó máa wọlé." Àwọn kan ń wọlé lóòótọ́. Àwọn mìíràn á wọlé, wọ́n á sì tún jáde lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja.

Línkéèjì tí mò ń sọ ni gbogbo ohun tó wà láàárín ọ̀pá gíà tí ẹ ń dì mú àti gíábọ́ọ̀sì: irin gígùn tàbí kébù, oríkèé wọn, àti àwọn búṣìn ike kéékèèké tó wà níbi tí irin ti ń pàdé irin. Àwọn búṣìn yìí ló kọ́kọ́ ń jẹ, oòrùn àti eruku ọyẹ́ ìhà Àríwá sì máa ń mú un yá. Gíábọ́ọ̀sì, àti ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ mọ́tò lé, ló ń pinnu bóyá ti mọ́tò kan á bá òmíràn mu. Orúkọ tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀tù kò pinnu nǹkan kan. Ọdún tí wọ́n ṣe é gan-an máa ń tan ènìyàn jẹ.

Volkswagen Scirocco àti Corrado

Golf 3 kún ojú ọ̀nà Kàdúná, Zaria àti Kánò bíi takisí, kò sì ṣòro láti rí èyí tí wọ́n ti tú ní ọgbà mẹkáníìkì Apo. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò páàtì fi ń sọ fún ẹni tó ní Scirocco pé Golf ni mọ́tò rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ Golf wo? Scirocco kejì jáde ní 1981, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1992. Golf 2 ti wà lójú títì láti 1983, nítorí náà ẹni tó bá ń fi ọdún ṣírò á lọ ra línkéèjì Golf 2. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí ìpìlẹ̀ Golf 1 ni wọ́n kọ́ Scirocco kejì lé, ti Golf 1 ló sì ń lò. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ gan-an ni Golf 1 alórùlé kíká, tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di 1993.

Kí wọ́n má baà fi yín ṣeré, ẹ wo nọ́ńbà ara páàtì. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà Volkswagen ń sọ mọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe páàtì náà fún: 171 ni Golf 1, 191 ni Golf 2, 1H0 ni Golf 3, 535 sì ni Corrado. Tí 711 bá tẹ̀lé e, ẹ̀ka ọ̀pá gíà nìyẹn. Ẹ lè tú Golf 3 kí ẹ bá búṣìn tó ní 171 711 lára rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹnì kan ló pààrọ̀ rẹ̀: bí páàtì àtijọ́ bá ṣì wúlò fún mọ́tò tuntun, nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ ló máa ń bá a lọ. Irú èyí lẹ lè mú lọ síbi Scirocco yín láìbẹ̀rù. Èyí tó bá ní 1H0 kò ṣèlérí kankan fún Scirocco, bó ti wù kí ojú wọn jọra tó.

Corrado tún jẹ́ ẹlòmíràn. Gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní 02A ló wà nínú Corrado tó ní ẹ́ńjìnnì G60 tàbí VR6, kébù ló sì ń darí rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì 020 ni Scirocco ní, irin ni tirẹ̀, bíi ti Golf 3 tó ń ṣe takisí. Ẹni tó ní Corrado bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan kan jẹ lára takisí wọ̀nyẹn; Golf 3 VR6 tàbí Passat B3 ni kó máa wá. Mo sì máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àwọn á fi ọ̀pá oníkébù sínú Scirocco. Kì í ṣe ọ̀pá nìkan ni wọ́n fẹ́ rà o: gíábọ́ọ̀sì ni, ìjókòó gíábọ́ọ̀sì ni, ètò kílọ́ọ̀ṣì náà ni.

BMW E30

Tó bá jẹ́ owó tèmi, E30 ni mo máa rà. BMW kì í fẹ́ pààrọ̀ ohun kékeré tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ife ike tí orí róbótó ìsàlẹ̀ ọ̀pá gíà ń jókòó sí, àti àwọn wáṣà yẹ́lò tó wà lẹ́nu irin gíà, wọ́n bá E30 wá, wọ́n wà nínú E36 tó tẹ̀lé e, wọ́n sì dé inú E46 tó tẹ̀lé ìyẹn. Ọ̀pá BMW Z3 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.9 pàápàá ń wọ E30, ó sì ń dín ìrìn ọwọ́ kù láti gíà kan sí èkejì. Púpọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn E30 lágbàáyé ló ń ṣe é.

Àmọ́ ohun kan wà tí ará Àbújá gbọ́dọ̀ rántí: ọ̀pọ̀ E46 tòkunbọ̀ tí ẹ ń rí níbí ló jẹ́ ọtomátíìkì, pàápàá àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ lè tú mẹ́wàá ní Apo láì rí línkéèjì kan. Torí náà, páàtì tó bá mu kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú páàtì tó wà nílẹ̀. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé àwọn ike yìí kéré, wọ́n fúyẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun lè fi sápò. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 25 ni kí ẹ fún un. Ẹ̀ka ọ̀pá gíà nìyẹn lọ́dọ̀ BMW.

Àwọn irin gígùn ló le díẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì Getrag 240 ló wà nínú E30 tó jẹ́ 318i, Getrag 260 ló wà nínú èyí tó jẹ́ 325i, irin gíà ọ̀kan kò sì bá èkejì mu. Apá tó gbé ọ̀pá gíà dúró náà jẹ́ irú méjì, ti páànù àti ti alumíníọ́ọ̀mù, búṣìn wọn sì yàtọ̀. Ẹ wọ abẹ́ mọ́tò kí ẹ tó ránṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ E30 M3 ti Yúróòpù ni orí bá gbé kò yín, gíà àkọ́kọ́ rẹ̀ wà lápá òsì nísàlẹ̀, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì dá dúró.

Porsche 914 àti 911

Mi ò ní pẹ́ níbí, nítorí dọ́là ni gbogbo rẹ̀. Oríṣi 914 méjì ló wà. Láti 1970 dé 1972, irin gíà gùn kọjá ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, ó wá wọlé láti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Láti 1973 dé 1976, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé, ọ̀pá náà sì ṣe pàtó jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yíyí ti àkọ́kọ́ sí ti ìkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin nìkan, ẹ máa ṣí gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ẹ má ra èyí tó ti ìdí wọlé pẹ̀lú èrò pé ẹ máa tún un ṣe tó bá yá.

Gíábọ́ọ̀sì 911 ní ìgbà mẹ́ta: 901 títí di 1971, 915 láti 1972 dé 1986, G50 láti 1987 dé 1989. Línkéèjì G50 kò bá ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ tan. Bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíábọ́ọ̀sì 914 àti ti 901 jẹ́ mọ̀lẹ́bí, àárín ni ẹ́ńjìnnì 914 wà, ẹ̀yìn ni ti 911 wà. Irin gíà wọn kò lè bára mu láé.

Peugeot 504 Coupé

Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti wà ní Kàdúná, kò sì sí ọ̀gá mẹkáníìkì àgbà tí 504 ṣàjèjì sí. Coupé tí Pininfarina ṣe láti 1969 dé 1983 bá 504 lásán jẹ nínú àwo kan náà ní ti iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò. Àmọ́ ilẹ̀ ni ọ̀pá gíà rẹ̀ wà. Línkéèjì 504 tí ọ̀pá gíà rẹ̀ wà lára sítíárìn kò wúlò fún un rárá, ẹ wá èyí tí tirẹ̀ wà nílẹ̀. Bọ́dì ló máa dà yín láàmú, nítorí kò sí ibi tí ẹ ti máa rí ilẹ̀kùn rẹ̀ lára 504 tó ń kó ẹrù.

Ní ti gígé búṣìn ní ọjà Panteka, Kàdúná, mo fara mọ́ ọn dé ibì kan. Búṣìn tó kàn jẹ́ òrùka lásán, wọ́n lè fi náílọ́ọ̀nù yí i dáadáa. Ife ike tí orí róbótó ń há sí, rárá. Bó bá fún jù kò ní wọlé, bó bá tú díẹ̀ á yọ lórí ìrìn. Idẹ ń pẹ́, àmọ́ gbogbo ìgbọ̀nrìrì gíábọ́ọ̀sì ló máa bá a gòkè wá sọ́wọ́ yín. Irin sí irin, ẹ má gbà á.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wọ gbogbo gíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá a padà sí fíríì, ẹ máa mi ọ̀pá náà, kí mẹkáníìkì yín sì máa wò ó lábẹ́. Bí ọ̀pá bá ń mì lọ́wọ́ yín tí irin tó wọ gíábọ́ọ̀sì kò mira, búṣìn ló jẹ. Bí gbogbo gíà bá wọlé wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, tó wá ń ha nígbà tí mọ́tò bá ń sáré, inú gíábọ́ọ̀sì tàbí kílọ́ọ̀ṣì ni àìsàn wà, pàápàá bó bá jẹ́ Porsche 915. Ẹni tó ń tà á á sọ pé búṣìn lásán ni. Ẹ ní kó ra búṣìn náà, kó fi sí i, kí ẹ tó padà wá wa mọ́tò wò.