Díílà ló so ọ̀kan, àwa la so èkejì: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi méjì tí mo rà

Àwọn tó ń bi mí léèrè bóyá kí díílà tó ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi so ó, tàbí kí èèyàn so ó fúnra rẹ̀, ti pọ̀, mo wá rí i pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni mo ní ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀kan jẹ́ onípákó, òun ló ń bá mi kó ẹja láti àwọn abúlé etí Ọ̀sà Lẹ́kí wá sí ọjà Olúwo. Èkejì jẹ́ ọkọ̀ fáíbà, èrò ló ń kó. Láàárín ọdún kan náà ni mo ra ẹ́ńjìnnì tuntun fún àwọn méjèèjì, Yamaha Enduro sì ni méjèèjì: alágbára ẹṣin 40 fún ọkọ̀ ẹja, 75 fún ọkọ̀ èrò. Díílà ló wá so 75. Àwa fúnra wa la so 40: èmi, àbúrò ọkọ mi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe láti kékeré, àti káfíńtà tó kan ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ kí n yin òun. Owó mi ni mo ná, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹni tí kò ráàyè má baà kà á dópin. Bóòtù tó ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ àti díríìlì kọ́ ni iṣẹ́ díílà. Káfíńtà ẹ̀bá omi tó mọṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa ju àwọn ọmọ iṣẹ́ díílà lọ. Ohun tí owó wọn ń rà gan-an ni pùròpélà (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi tó ń ti ọkọ̀ lọ) tó bá ẹrù ọkọ̀ rẹ mu, pẹ̀lú ìwé tó máa gbèjà rẹ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó bá sanwó fún wọn tí kò gba nǹkan méjì yìí, owó rẹ̀ ti wọmi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí ẹjọ́ tí mo máa rò níwájú. Sítíárì la fi ń wa ọkọ̀ èrò yẹn, iwájú ni awakọ̀ ń jókòó, nítorí náà kébù sítíárì wà ńbẹ̀, kébù gíà wà ńbẹ̀, ti àsílìrétọ̀ náà wà ńbẹ̀. Kébù tó bá gùn jù yóò ká, èyí tó bá kúrú yóò máa fà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí. Wọ́n ti wá wọn ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì wá, gbogbo kébù tí wọ́n kó bọ̀ ló sì bá a mu rẹ́gí. Ìyẹn wú mi lórí. Àbúrò ọkọ mi gan-an sọ pé òun ì bá ti fi ọjọ́ méjì wá kébù yẹn káàkiri Èkó.

Ọ̀rọ̀ pùròpélà ló wá jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá wọn. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti lo wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ ló padà wá. Ó bi mí pé, “Àlàájà, èrò mélòó ni ọkọ̀ yìí ń kó? Ẹrù ọjà ńkọ́?” Èmi rò pé ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ló fẹ́ bá mi sọ. Àṣé ó fẹ́ mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Ó ní ká rọ omi kún inú kẹ́ẹ̀gì, ká kó o sínú ọkọ̀, káwọn ọmọkùnrin náà wọlé, ó sì so aago kékeré kan mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. A dé àárín omi, awakọ̀ ṣí i tán pátápátá. Aago náà kò dé 4,500. Ọ̀gá yẹn mi orí. Ó ní ìwé ẹ́ńjìnnì náà sọ pé bí a bá ṣí i tán, ó yẹ kó wà láàárín 4,500 sí 5,500, àti pé èyí tí kò bá débẹ̀, ẹrù ti ń pa á nìyẹn. Pùròpélà tó bá a wá ń gbá omi púpọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan fún ọkọ̀ tó kún fún èrò. Ó yọ ọ́, ó fi èyí tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ (bó ṣe ń ti ọkọ̀ jìnnà tó bó bá yí lẹ́ẹ̀kan) fi íǹṣì méjì dín sí i. A tún padà sójú omi, aago gun 4,500 kọjá wọ̀ọ̀. Epo tí ọkọ̀ ń jẹ láti Ẹ̀pẹ́ wálẹ̀, awakọ̀ mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó dín kù. Ẹ má gbàgbé pé àwọn awakọ̀ kì í fẹ́ sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fólówó ọkọ̀.

Ẹjọ́ wọn rèé o. Nígbà tí òjò rọ̀ díẹ̀, mo rí omi pupa tó ń ṣàn wálẹ̀ lára fáíbà funfun, láti ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ìpẹtà ni. Bóòtù tí wọ́n fi sí i kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà. Mo ti ọwọ́ bọ inú, mo fi ìka tọ́ ìdí nọ́ọ̀tù: gbígbẹ fúláfúlá, wọn ò fi gọ́ọ̀mù kankan sínú ihò. Ìta nìkan ni wọ́n fi pa. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ fáíbà mọ̀ pé pákó ló wà láàárín ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, fáíbà kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Omi tó bá gba ihò bóòtù wọlé yóò jẹ pákó náà láti inú, ìta á ṣì máa dán. Lọ́jọ́ tó bá jẹrà tán, pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀ ni yóò já. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é. Àbúrò ọkọ mi ló tú bóòtù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó gbẹ ihò, tó fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ tó ń jẹ́ Sikaflex 291 kún un, tó sì fi bóòtù gidi dípò. Bí ẹ bá fẹ́ ra bóòtù yẹn lọ́jà, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Dídán kì í ṣe ẹ̀rí. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbá mú gírígírí, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ní ti ìwé, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà lára irin tó di ọkọ̀ mú ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ojú ara mi kà á, ó bára mu. Ẹ kíyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé wáráńtì, ọkọ̀ tó ń pawó àti ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í ní iye oṣù kan náà. Ẹni tó bá parọ́ pé ìgbafẹ́ lòun fi ń ṣe, tó wá gbé ẹ́ńjìnnì tó ń rùn fún ẹja lọ bá wọn, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi rín.

Ó ku ti ọkọ̀ ẹja. Kí ẹ tó lọ ra ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, láti orí pákó tó máa gbé e títí dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, kò gùn bákan náà: íǹṣì 15 wà, 20 wà, 25 wà. Tiwa lé díẹ̀ ní íǹṣì 18, ẹlẹ́sẹ̀ 20 la sì rà. Obìnrin kan tí a jọ ń ta ẹja gba ẹlẹ́sẹ̀ 15 fún irú ọkọ̀ kan náà torí pé òun ló wà nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ.

A fa ọkọ̀ gun iyanrìn. Ẹ́ńjìnnì 40 lé ní kílò 70, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí géńdé kankan fi agbára hàn yín nídìí rẹ̀. Káfíńtà fi okùn wọn ọ̀tún, ó fi wọn òsì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín gbùngbùn. Wọ́n gbé e kọ́, wọ́n yí sukúrù ńlá méjèèjì le. Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Lókè pùròpélà, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kan tó nà jáde. Òun la fi ń mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ga tàbí ó wálẹ̀. Ẹ gbé pákó gbọọrọ tó tọ́ sábẹ́ ọkọ̀, kó yọ sẹ́yìn dé ibi irin náà. Ó yẹ kí irin bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó fi díẹ̀ wálẹ̀, kó má ju íǹṣì kan lọ. Bó bá ga jù, afẹ́fẹ́ ni pùròpélà yóò máa gbé, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù náà lè má wọlé dáadáa. Bó bá wálẹ̀ jù, yóò máa wọ́ omi, yóò máa jẹ epo, omi á sì máa ta sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Tiwa wálẹ̀ jù. Káfíńtà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó la ìrókò tẹ́ẹ́rẹ́, ó kàn án lé orí pákó náà, wọ́n tún un gbé kọ́, ó sì bọ́ sípò. Àwọn ọmọ díílà kì bá ti gbé ìrókò wá láti Èkó.

Sukúrù ọlọ́wọ́ méjèèjì yẹn kò tó o. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì a máa tú u díẹ̀díẹ̀, mo mọ ẹni tí tirẹ̀ já sínú omi níṣojú rẹ̀. A lu ihò, a fi gọ́ọ̀mù kún un tinútìta, a fi bóòtù gba inú pákó kọjá, wọ́ṣà fífẹ̀ sì wà nínú. A tún fi ṣéènì kékeré so ó mọ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ epo: ṣe ni a máa ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù ẹ́ńjìnnì yìí, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí gbogbo wa ń lò mú ìṣirò rọrùn. Fún wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọ́ìlì lítà kan nínú kẹ́ẹ̀gì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdajì lítà. Kí wọ́n kọ TC-W3, àmì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, sára ike ọ́ìlì náà. Ọ́ìlì ọ̀kadà kò ṣe é lò níbẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Wákàtí mẹ́wàá yẹn, tí a fi ń rọra lo ẹ́ńjìnnì tuntun, ló ń le fún ẹni tó bá so ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀gá kankan tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wákàtí kìíní, ìdajì àsílìrétọ̀. Wákàtí kejì, kó má kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mẹ́jọ tó kù, ẹ lè sá bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i tán ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wà á, ara rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ti gbó ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń pariwo pé, “Ọmọ Àlàájà, ṣé ká fi okùn fà yín ni?” Àbúrò ọkọ mi jókòó tì í, aago lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà lára ihò kékeré tí omi ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bí koríko omi bá dí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wàá ti kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí wákàtí pé, ó da ọ́ìlì gíà nù, ó fi tuntun sí i. Irin lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ lẹ̀ mọ́ bóòtù ìdí rẹ̀, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Omi Ẹ̀pẹ́ kò níyọ̀ bíi ti apá Èkó. Bí ọkọ̀ bá lọ sí ọ̀hún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kànga ni kí ẹ fi ṣan inú ẹ́ńjìnnì kó tó sùn, ì báà ṣe díílà ló so ó.

Pùròpélà ọkọ̀ ẹja la ò tíì yanjú. Èyí tó bá a wá la ṣì ń lò, bí ẹja bá sì kún ọkọ̀, mo ń gbọ́ ọ létí ara mi pé ó ń wúwo fún un. Mo ti bẹ ọ̀gá díílà tọjọ́sí kó gbé aago rẹ̀ wá, kó gba owó iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan. Ó gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Èjìnrìn náà ti ń múra àtira 40. Ohun tí mo ní kó bá wọn dúnàá-dúrà lé lórí ni pé kí wọ́n yọ owó síso kúrò, kí wọ́n padà wá wo pùròpélà pẹ̀lú ẹrù nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé mẹkáníìkì tiwa ló so ó àti pé wọ́n mọ̀ sí i. Díílà méjì ló bá sọ ọ́. Ọ̀kan ní kò ṣeé ṣe, èkejì gbà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà ló ń kówó lọ.