Ẹ ṣọ́ra o: mábù ni wọ́n ń pè ní gíránáìtì tà fún wa

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń kọ́lé tàbí tí ẹ ń tún ilé ìdáná ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó òkúta kántà fún ẹnikẹ́ni.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra òkúta dúdú fún kántà wa n'Íbàdàn. Lórí WhatsApp ni mo ti rí ọkùnrin tó tà á. Ó ní ojúlówó gíránáìtì ni. Ó gbé àpẹẹrẹ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ wá sílé, mo fi ọ̀bẹ ha á lójú rẹ̀, kò fi àmì kankan sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ ọmọ yín á bá a níbẹ̀." Mo san gbogbo owó. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tí wọ́n gé dé, dúdú ni, ó ń dán, mi ò sì fura.

Ìgbín ló tú àṣírí. Mo ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìgbín lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sì da ojú àwọn ọsàn tí mo là délẹ̀ sórí kántà. Nígbà tí mo máa kó wọn kúrò, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ti funfun roboto bí ìdí ife. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo fi òróró pa á, bó ṣe gbẹ ló tún yọ. Mo fọwọ́ kàn án, ó ti rí hárahàra. Kì í ṣe àbàwọ́n rárá, omi ọsàn ti jẹ ojú òkúta náà ni.

Mo lọ mú àjẹkù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo fi ọ̀bẹ ha á, ìlà funfun yọ. Mo fún ọsàn sórí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, ló bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mábù ni! Ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ló wà nínú mábù, ohun kíkan sì máa ń jẹ ẹ́.

Mi ò ní mábù ò dáa o. Ìgbẹ́tì tiwa níbí ni wọ́n ti ń wà á, ó sì rẹwà ní pálọ̀ àti lára ògiri ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń gé tòmátì, tí a ti ń fún ọsàn lójoojúmọ́, kò lè gbà á. Gíránáìtì, irú òkúta tó di òkè Olúmọ àti òkè Ìdànrè, ọ̀bẹ ò ràn án, ọsàn ò ràn án. Ti quartz tún yàtọ̀: ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lọ òkúta, tí wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pò ó pọ̀. Ọsàn ò ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n ìkòkò tó ń bọ̀ látorí iná lè jó gọ́ọ̀mù yẹn. Ẹni tó bá ní ẹ máa gbé ìkòkò gbígbóná lé e, irọ́ ló ń pa.

Ìyá kan tí mo bá pàdé lọ́dọ̀ táílà ra gíránáìtì lóòótọ́, àṣé aláwọ̀ eérú ni, aró dúdú ni wọ́n fi kùn ún. Ẹ̀gbẹ́ sínkì rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ fi oògùn tí a fi ń nu kíútẹ́ẹ̀sì rin aṣọ funfun, kí ẹ fi nu òkúta tí ẹ fẹ́ rà dáadáa. Tí aṣọ bá dúdú, ẹ máa lọ.

Ẹ má gba àpẹẹrẹ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ lọ síbi tí odindi òkúta wà, ẹ mú ọ̀bẹ, ọsàn àti aṣọ yẹn dání, kí ẹ dán an wò létí ibi tí wọ́n máa gé dànù. Ẹni tó ń ta ojúlówó ò ní bínú. Ẹ wo ìnípọn rẹ̀ níbi ihò sínkì, ẹ má wo iwájú nìkan, torí wọ́n máa ń lẹ òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ etí rẹ̀ kí sẹ̀ǹtímítà 2 lè dà bíi 4. Ẹ fi máákà kọ orúkọ yín sẹ́yìn òkúta náà, kí ẹ yà á ní fọ́tò. Tí wọ́n bá gbé e délé, ẹ yí i wò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Orúkọ yín ni kí ẹ rí kí ẹ tó san owó tó kù.

Ọkùnrin náà ti dínà mọ́ nọ́ńbà mi. Nọ́ńbà ọmọ mi ni mo fi wo ojú ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: àwòrán kántà dúdú tó fi hàn mí náà ló ṣì wà níbẹ̀, tó ń pè é ní gíránáìtì.