Adó-Àwáyè láti Abẹ́òkúta: òkè olómi tí ẹni tí ò gun òkè rí lè fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ òkè gígùn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Tí wọ́n bá ti ní ká lọ gun òkè, Olúmọ nìkan ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, torí a ti gùn ún láti ìgbà tá a wà ní pírámárì, tíṣà kó wa lọ nínú yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n ya wá ní fótò lẹ́nu ihò tí àwọn ará ìgbà yẹn sá sí, ó parí. Mo fẹ́ràn Olúmọ o, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ibi tó gba àwọn baba wa sílẹ̀ nígbà ogun ní nǹkan bíi 1830, mi ò lè fojú kékeré wò ó láéláé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rin ìrìn gidi, kẹ́ ẹ gun òkè, kẹ́ ẹ tún jókòó sẹ́bàá adágún omi lórí òkè ọ̀hún, Adó-Àwáyè ni kẹ́ ẹ lọ, kò sì le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ń dẹ́rù bà wá.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn ló wà, ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láti ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà Ìgbò-Ọrà la gbà, ó di Èrúwà, ó di Lánlátẹ̀, a já sí Máyà ká tó wọ Adó. Ẹ jí kúrò nílé, tí aago 6 àárọ̀ bá fi lù kẹ́ ẹ ti wà nínú mọ́tò, torí oòrùn ni ọ̀tá ẹni tó fẹ́ gun òkè yìí, màá ṣàlàyé ẹ̀ tó bá yá. Àwa háyà mọ́tò láàárín ara wa, dírẹ́bà tó mọ Ìbàràpá dáadáa la mú, mo sì gbà yín nímọ̀ràn kẹ́yin náà ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ju mẹ́ta lọ, torí tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ máa wọkọ̀ láti páàkì kan sí òmíràn, ojúmọ́ á ti mọ́ pátápátá, oòrùn á ti mú, kẹ́ ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tá a jọ lọ kẹ́ ẹ lè fi díwọ̀n ara yín. Àwọn àbúrò mi wà níbẹ̀, àwọn yẹn ò níṣòro. Ṣùgbọ́n Àǹtí wa tó ń ta àdìrẹ ní Ìtokú náà bá wa lọ, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìrìn tí wọ́n máa ń rìn ò ju láti ilé dé ìsọ̀ wọn lọ. Wọ́n gùn ún, wọ́n dé òkè, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tí ò gun òkè rí lè gun eléyìí.

Ibi tó le níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni, èyí ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, wọ́n á rí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ, tó lé ní 350, tó kàn dojú kọ òkè lọ ṣáá, wọ́n á rò pé bó ṣe máa rí títí dé òkè nìyẹn, wọ́n á bá ti rẹ̀wẹ̀sì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá ti lè parí àtẹ̀gùn yẹn, gbogbo wàhálà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, orí àpáta tó tẹ́ lẹ ó máa rìn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa gun díẹ̀, ẹ máa sọ̀ díẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí yín. Nítorí náà àtẹ̀gùn yẹn ni kẹ́ ẹ fi sùúrù bá lò. Àwọn ọ̀dọ́ tó sáré gùn ún níwájú wa, a bá wọn níbi tí wọ́n ti dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwa tá à ń rọra bọ̀ la tún kọjá wọn. Bí Àǹtí ṣe ṣe é nìyí: wọ́n á gun ogún àtẹ̀gùn, wọ́n á dúró, wọ́n á mí dáadáa, wọ́n á mu omi díẹ̀ (omi díẹ̀ o, ẹ má gbé gbogbo ọ̀rá piọ́ wọ́tà dà sí ikùn lẹ́ẹ̀kan náà), wọ́n á tún gbéra. Tá a bá fẹ́ kánjú, wọ́n á ní, "Ẹ má lé mi o, mo ń bọ̀." Ọmọkùnrin tó ń mú wa lọ sì ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ rọra máa bọ̀, Màmá, òkè ò ní sá lọ." Mo fẹ́ràn bó ṣe ní sùúrù fún wọn gan-an.

Ẹ mú amọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ ìlú ló ń ṣe é. Owó ẹnu ọ̀nà wà, owó amọ̀nà náà wà, ẹ bá wọn sọ ọ́ kó yanjú nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀. Orí òkè yẹn gbòòrò, àpáta jọ àpáta, ẹni tí ò mọ ibẹ̀ lè máa yí po láìmọ ibi tó ti gbà wá. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn ló mọ ìtàn ibẹ̀, ìtàn ọ̀hún sì ni ìdajì adùn ìrìn náà. Orí òkè làwọn ará Adó ń gbé láyé ogun kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tó wà nísàlẹ̀ báyìí, wọ́n sì fi ibi tí ààfin wà nígbà yẹn hàn wá. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, Olúmọ ló sọ sí mi lọ́kàn, pé bí àwọn tiwa ṣe wọ abẹ́ àpáta lọ náà làwọn wọ̀nyí gun orí tiwọn, àpáta ló gba gbogbo wọn.

Ó wá kan Ìyáké, adágún omi orí òkè náà. Èyí gangan ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Ẹ ti rìn rìn rìn lórí àpáta gbígbẹ, ooru ti ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá gba inú bàtà yín, ṣàdédé lẹ máa rí koríko tútù, ẹ máa rí igi, adágún omi kan sì wà láàárín ẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́, lórí òkè o, kò sí odò kan tó ṣàn wọ inú ẹ̀ tí ojú lè rí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn kì í mú un gbẹ. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé irú ẹ̀ ò ju méjì lọ láyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà, èmi ò tiẹ̀ bá wọn dá sí ìyẹn, torí bó jẹ́ ẹgbẹ̀rún ni irú ẹ̀ láyé, mo ṣì máa jókòó tì í. A tẹ́ aṣọ sẹ́bàá ẹ̀, a jẹ àkàrà tá a dì láti ilé, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sókè nínú wa, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ká má sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá lọ, ẹ má wulẹ̀ ya fótò kẹ́ ẹ kọjá lọ, ẹ jókòó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má wọ inú omi náà. Àwọn ará ìlú kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré, wọ́n ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde, ẹ bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe wù kí ìgbàgbọ́ yín rí, ẹ sì di ọwọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mú. Àwọn kan máa ń bu omi ẹ̀ mu, wọ́n ní ó ń wo àìsàn, ó sì ń fún àgàn lọ́mọ. Èmi ò mu ún, omi adágún ni, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó mu ún láìsè é.

Àwọn nǹkan míì wà níbẹ̀, màá kàn fẹnu bà wọ́n ni. Ìṣágẹ̀, àpáta ńlá kan tó dúró lórí òmíràn bíi pé ẹnì kan ló gbé e kalẹ̀ tó ní òun ń padà bọ̀, wọ́n ní òun ni wọ́n ń lọ bẹ̀ tí òjò ò bá rọ̀. Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, ihò inú àpáta tó rí bí ojú ẹsẹ̀, tí omi wà nínú ẹ̀. Igi kan tó ti gbẹ náà wà tó jọ orí erin, àwọn àbúrò mi ya fótò nídìí ẹ̀ títí bátìrì fóònù wọn fi kú. Èyí tí mi ò ní gbà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Ojú ọ̀nà tóóró ni, ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ti kìlọ̀ fún yín. Àǹtí jókòó dè wá, kò sì sí nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò ní láti débẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè sọ pé ẹ gun òkè Adó.

Ní ti oòrùn tí mo ní màá sọ. Àpáta lásán ló pọ̀ jù lórí òkè yẹn, ibòji ò pọ̀, tó bá fi di ọ̀sán àpáta á ti gbóná, á máa jó ojú yín láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn ṣe ń jó orí láti òkè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ tètè lọ. Fìlà, omi tó pọ̀, nǹkan jíjẹ tí kò wúwo, bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì ní eyín. Ẹ má wọ sílípáàsì, ẹ má wọ bàtà gíga, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ewéédò á ti hù sára àpáta, á máa yọ̀, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá lọ. Orúnkún náà, bíbọ̀ ló ń fìyà jẹ ẹ́ ju lílọ lọ, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, kẹ́ ẹ sì ní ọ̀pá lọ́wọ́.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni ọ̀rá piọ́ wọ́tà àti ike tí àwọn tó ti lọ ṣáájú wa jù sílẹ̀ káàkiri. Ẹ wo ibi tó dáa tó báyẹn! Àwa gbé báàgì kan dání, a ṣa ìwọ̀n tí agbára wa gbé, a kó o sọ̀ kalẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ gbé gòkè ò wúwo mọ́ tẹ́ ẹ bá ti mu omi inú ẹ̀ tán, kí ló dé tẹ́ ò lè gbé e bọ̀?

Tí Adó bá jìn jù fún yín, tó sì jẹ́ ẹ̀bá omi lẹ kàn fẹ́ rìn, ìsédò Òyán wà nítòsí wa níbí, nǹkan bíi kìlómítà 20 sí Abẹ́òkúta, 1983 ni wọ́n ṣí i, omi ẹ̀ lọ salalu. Ìrìn ilẹ̀ títẹ́jú ni tiẹ̀, ó dáa fún afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ má kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ẹsẹ̀ bọ omi ibẹ̀, àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, wà níbẹ̀, àwọn olùwádìí ti rí i lára àwọn ará abúlé tó yí i ká, ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò ẹ̀, awọ ara ló sì ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, Adó ni. Mi ò rò pé ó yẹ fún ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ò tíì wálẹ̀, àwọn yẹn kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Aboyún náà kó mú sùúrù. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá ọjọ́ Sátidé kan, ẹ má dá nìkan lọ, kẹ́ ẹ sì ti wà nínú mọ́tò kó tó di aago 2 ọ̀sán kí ilẹ̀ má bàa ṣú yín sọ́nà. Ẹ yà ní Ìgbò-Ọrà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ jẹ àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, ebi tó máa pa yín lọ́jọ́ yẹn, ọbẹ̀ yẹn ló tó o.