Swíìṣì mẹ́ta, iná kan: irú iná smart wo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí mọ̀ pé iná àkàsọ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Swíìṣì kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè, ìyàwó ilé sì tún fẹ́ ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kó má bàa jẹ́ inú òkùnkùn ni òun á ti máa wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ lè tan iná kan náà, kí wọ́n sì lè pa á. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníná ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: swíìṣì two-way méjì, intermediate kan láàárín wọn, wáyà sì ń gba inú ògiri lọ sókè sódò. Ìgbà tí ẹ bá wá fẹ́ kí iná yìí tún máa gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu, tàbí kó máa tàn fúnra rẹ̀ ní agogo méje alẹ́, ibẹ̀ ni ọjà ti máa ń rú oníbàárà lójú.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Nínú ọ̀nà kìíní, inú gílóòbù gan-an ni ọgbọ́n wà, rímóòtù oníbátìrì ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Philips Hue àti IKEA ló lókìkí jù níbẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n á yọ swíìṣì ògiri, wọ́n á fi èyí tó ní rédíò nínú, tó ń gba àṣẹ láìsí wáyà, rọ́pò rẹ̀: Lutron Caséta, tàbí swíìṣì onígíláàsì tó ń lo áàpù Tuya tó kún inú ọjà wa. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ kékeré kan, bíi páálí ìṣáná, tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn swíìṣì àtijọ́, bíi Shelly tàbí Sonoff Mini. Mo ti fi owó ara mi dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Bí ẹni tó ń kà á bá ń kánjú, èrò mi nìyí: ẹ̀kẹta ni fún ilé tiwa ní Nàìjíríà, èkejì fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, kí ayálégbé àti ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ mú èkíní.

Fóltì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ojú mi ni owó ṣe wọgbó. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Houston kó swíìṣì mẹ́fà àti gílóòbù mẹ́wàá ránṣẹ́ sí wa, ẹ̀bùn ìṣílé. Ọjà gidi ni, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀, àmọ́ 120 fóltì ni iná Amẹ́ríkà, 230 sì ni tiwa. Oníná so ẹyọ kan, ó dún pàù, èéfín yọ, a sì dá èyí tó kù padà sínú páálí. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé gílóòbù ọ̀hún, èyí tí wọ́n ń yí wọlé, máa ń wọ ihò tiwa wẹ́rẹ́.

Lutron Caséta tí gbogbo fídíò Amẹ́ríkà ń yìn, 120 fóltì náà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ rà á, ẹ kò ní kábàámọ̀: dímà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù (swíìṣì tó lè dín ìmọ́lẹ̀ kù) kò nílò neutral, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà, rímóòtù Pico rẹ̀ sì ṣeé gbé sára ògiri níbikíbi bíi swíìṣì gidi, láìfọ́ ohunkóhun. Bátìrì Pico yìí, àwọn tó ṣe é ní ó ń lò tó ọdún mẹ́wàá. Ẹ ṣáà má gbé e bọ̀ wálé. Èyí tí wọ́n bá rà ní Ìlú Ọba kò ní ìṣòro yìí, torí 230 fóltì ni ti àwọn náà, àpótí swíìṣì onígun mẹ́rin wọn sì bá tiwa mu.

Orúkọ náà tún máa ń dani rú. Ohun tí oníná wa àti àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní two-way, three-way ni Amẹ́ríkà ń pè é. Intermediate tiwa ni four-way tiwọn. Mo ti rí ẹni tó torí èyí ra ohun tí kò fẹ́.

NEPA dé ní agogo méjì òru

Gílóòbù smart kò fẹ́ kí iná kúrò lórí òun rárá. Àlejò á wọlé, á rí swíìṣì àtijọ́ lára ògiri, á sì tẹ̀ ẹ́ pa, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa láti kékeré. Gílóòbù ti kú nìyẹn: fóònù kò rí i mọ́, rímóòtù kò rí i mọ́, àfi ìgbà tí ẹnì kan bá tún tẹ swíìṣì ọ̀hún. Màmá mi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn wọn ni mo ń tẹ̀ lé kiri, tí mo ń tan gbogbo èyí tí wọ́n bá ti pa. N kò lè bá wọn wí. Kí ni wọ́n ṣe swíìṣì fún bí kì í bá ṣe títẹ̀? Hue ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Wall Switch Module fún èyí. Oníbátìrì ni, wọ́n á yọ swíìṣì àtijọ́ kúrò lára iná, wọ́n á so ó mọ́ ọn, títẹ̀ swíìṣì á sì di àmì lásán tó ń lọ bá gílóòbù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n owó lórí owó ni.

Tún wo bí iná tiwa ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí gílóòbù smart ṣe ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀, bí iná bá ti dé, títàn ló ń tàn, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́. Ẹni tó ń yí changeover láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ẹ wo ohun tí ojú rẹ̀ máa rí nínú yàrá tí ọmọ ti sùn. Ètò kan wà nínú áàpù Hue tó ń jẹ́ kí gílóòbù padà sí bó ṣe wà kí iná tó lọ. Shelly àti Sonoff ní irú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń so ó ni kí ẹ ti yàn án, torí oníná kò ní rántí bá yín ṣe é.

Wáyà inú ògiri yín

Àpótí swíìṣì ló máa sọ ohun tí ẹ lè rà. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ọ̀dọ̀ iná lókè àjà ni neutral ń lọ. Live, wáyà tó ń gbé iná wá, nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ swíìṣì, tí á sì tibẹ̀ padà sókè. Swíìṣì lásán kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n swíìṣì tó ní rédíò nínú gbọ́dọ̀ máa jẹun tọ̀sán-tòru, neutral ló sì fi ń jẹun. Èyí tí wọ́n kọ “no neutral” sí lára ń fa iná díẹ̀díẹ̀ gba inú gílóòbù kọjá. Bí LED yín kò bá gba iná púpọ̀, ẹ máa rí i tó ń ṣẹ́jú lóru bíi pé iwin wà nínú rẹ̀. Kapasítọ̀ kékeré tó sábà máa ń wà nínú páálí rẹ̀, òun ni oògùn ìṣẹ́jú yìí, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ibí ni ọ̀nà kẹta ti gbà mí lọ́kàn. Kò pọn dandan kí Shelly wà nínú àpótí swíìṣì. Ó lè wà lókè àjà, tàbí ibikíbi tí live àti neutral bá ti pàdé. Bí wọn kò bá pàdé níbì kankan, wáyà kan ni oníná máa fà gba inú páìpù tó ti wà tẹ́lẹ̀. Wáyà tó ń bọ̀ láti ara two-way àti intermediate yín á wọ ojú tí wọ́n kọ SW sí. Ẹ ó wá yàn nínú áàpù pé nígbàkigbà tí swíìṣì bá yí, kí iná yí. Ó parí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ bíi ti àná, fóònù náà ń ṣiṣẹ́, àlejò kò sì mọ̀ pé nǹkan kan yí padà nínú ilé.

Bí ilé yín kò bá tíì ní rẹ́ńdà, inú yín ló yẹ kó dùn jù. Ẹ ní kí oníná fa neutral dé gbogbo àpótí swíìṣì, kó sì lo àpótí tó jìn, torí pé nínú èyí tí kò jìn, ẹ̀rọ àti wáyà máa ń fún ara wọn lọ́rùn. Ẹ tilẹ̀ lè yọ intermediate kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà: ẹ lo swíìṣì oníbẹ́ẹ̀lì, èyí tó máa ń padà bí ẹ bá ti gbọ́wọ́ kúrò. Márùn-ún, mẹ́fà, gbogbo wọn lè jọ wà lórí wáyà méjì kan náà. Irú swíìṣì yìí náà ló dára jù bí ẹ bá fẹ́ dímà, torí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí iná máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí LED tí ẹ ó rà ṣáà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ “dimmable” sí lára.

Íntánẹ́ẹ̀tì àti MiFi

Shelly, Sonoff àti Tuya onígíláàsì tó wọ́pọ̀, Wi-Fi ni wọ́n ń lò, 2.4 GHz. MiFi púpọ̀ sì wà tí kì í gbà ju ẹ̀rọ mẹ́wàá lọ. Fóònù mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n kan, swíìṣì márùn-ún: ó ti kún. Bí ẹ bá fẹ́ ju iná mẹ́ta mẹ́rin lọ, ẹ ra ráwútà gidi, kí ẹ sì fi sórí inverter. Hue kò ní wàhálà yìí. Zigbee, ọ̀nà aláìníwáyà tó yàtọ̀ sí Wi-Fi, ni gílóòbù rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àádọ́ta gílóòbù sì lè wà lórí Bridge kan, àpótí kékeré tó ń darí wọn. Àmọ́ wáyà LAN ni Bridge tó wọ́pọ̀ lọ́jà fi ń sopọ̀ mọ́ ráwútà, ọ̀pọ̀ MiFi kò sì ní ojú rẹ̀.

Mo ra swíìṣì onígíláàsì méjì nígbà kan, tí ẹni tó tà á sọ pé áàpù ni yóò so wọ́n pọ̀ bíi two-way. Wọ́n rẹwà lára ògiri! Dátà tán lálẹ́ ọjọ́ kan, èyí tí wáyà iná wà lára rẹ̀ ṣì ń tan iná, èkejì wá di ọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ọlọ́jà pé: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ṣé swíìṣì kejì á ṣì máa ṣiṣẹ́?

| | Gílóòbù smart | Swíìṣì tuntun | Ẹ̀rọ ẹ̀yìn swíìṣì |
|---|---|---|---|
| Swíìṣì kejì, ìkẹta | rímóòtù, kò sí wáyà | Pico, tàbí áàpù | two-way àtijọ́ yín |
| Neutral | kò kan swíìṣì | ó sábà ń fẹ́ ẹ | ó sábà ń fẹ́ ẹ |
| Bí dátà bá tán | Hue ń ṣiṣẹ́ | Caséta ń ṣiṣẹ́. Onígíláàsì, ẹ bèèrè | ń ṣiṣẹ́ lára ògiri |
| Àwọ̀ | bẹ́ẹ̀ ni | rárá | rárá |

Iye iná tó wà nínú yàrá

Pálọ̀ tí wọ́n fi POP ṣe, panel LED méjìlá lókè, kò sí ihò gílóòbù kankan níbẹ̀. Àfi kí ẹ yọ méjèèjìlá kí ẹ fi ti Hue rọ́pò wọn, bí owó bá ń dùn yín ní àpò. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn swíìṣì, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa darí gbogbo wọn. Yàrá ayálégbé ńkọ́, gílóòbù kan láàárín, lánlọ́ọ̀dù tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wáyà? Níbẹ̀ ni mo ti máa mú gílóòbù smart kan àti rímóòtù méjì, kí n sì kó wọn lọ lọ́jọ́ tí mo bá ń kó jáde. IKEA rọrùn lówó ju Hue lọ, rímóòtù Rodret rẹ̀ sì ń lo bátìrì AAA tí ẹ lè rí rà ní kíóòsì. Kò sí ṣọ́ọ̀bù IKEA ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun lẹ máa bẹ̀.

Ẹ má ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kí oníná pa iná láti ara breaker, kó ṣí àpótí swíìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti àkàsọ̀, kí ẹ ya fọ́tò wáyà inú wọn. Fọ́tò yẹn ni kí ẹ fi han ọlọ́jà kí ẹ tó bèèrè iye tó ń tà á.