Fídà adìẹ mẹ́rin: èwo ni ẹ̀gà àti eku kò ní bá adìẹ yín jẹ nínú rẹ̀?

Adìẹ ẹlẹ́yin kan máa ń jẹ tó gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́. Ẹni tó bá sin 20 sẹ́yìnkùlé, àpò fíìdì kílò 25 yẹ kó tó wọn jẹ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11. Bó bá ń tán ní ọjọ́ 8, ẹ má tíì bá ẹni tó ta fíìdì fún yín jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àlejò ló ń bá wọn jẹun.

Ẹ mọ àlejò yẹn kí ẹ tó ra fídà, ìyẹn ohun tí à ń bu fíìdì sí fún adìẹ, torí fídà tó ń dènà ẹyẹ lè má dènà eku. Ẹyẹ kì í fi ara pamọ́. Ẹ̀gà, ológoṣẹ́ àti àdàbà, ojúmọmọ ni wọ́n ń wá, ariwo ẹ̀gà nìkan sì ti tó ìròyìn. Eku ló ń ṣe jẹ́jẹ́. Lálẹ́, ẹ wọ́n eérú pẹlẹbẹ sí abẹ́ fídà. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ilà ibi tó wọ́ ìrù gbà. Ní ti aláǹgbá, kòkòrò àti eṣinṣin ló ń wá níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í sì í ṣe fíìdì nìkan ni à ń ṣọ́ o: ẹyẹ ìgbẹ́ lè gbé àrùn Newcastle wọlé, ìgbẹ́ eku sì lè kó kòkòrò salmonella sínú oúnjẹ.

Nínú fídà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọpọ́n gbọọrọ ló dínwó jù, kápẹ́ńtà àdúgbò lè kàn án. Ẹ ṣírò ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 fún adìẹ kan. Ọpọ́n mítà 1 tí wọ́n lè jẹ lápá méjèèjì á gba 20. Àmọ́ ọpọ́n kò dènà ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni adìẹ fúnra rẹ̀ á máa fi ẹsẹ̀ tan fíìdì dànù tí ẹ bá bù ú kún ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọpọ́n lọ. Ilé tí ihò wáyà rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì nìkan ni mo lè sọ pé kí ẹ ti lò ó. Wáyà oníhò íǹṣì 1 tí gbogbo èèyàn ń rà, ológoṣẹ́ lè fún ara rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ọmọ eku náà lè gbà á.

Fídà àgbékọ́, oníke roboto tó kún ọjà, sàn jù ú lọ díẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ kí etí àwo rẹ̀ bá ẹ̀yìn adìẹ dọ́gba: tó bá relẹ̀, wọ́n á máa fi àgógó gbọ̀n ọ́n dànù, tó bá ga, àwọn tó kéré á fi ebi sùn. Etí àwo yẹn náà ni ẹ̀gà ń bà lé, nítorí náà ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Eku ńkọ́? Ó lè fò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, ó sì mọ okùn sọ̀ kalẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dára ju okùn lọ, ṣùgbọ́n ohun tó dájú ni pé kí ẹ máa gbé e wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Adìẹ kì í jẹun nínú òkùnkùn, kò ní pàdánù nǹkan kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ tẹ ike rẹ̀ wò. Èyí tó bá rọ̀ bí ọ̀rá, oòrùn á là á kí ọdún tó yí po.

Fídà páìpù, oníhò íǹṣì 4 tó ní ẹnu tó tẹ̀ síta nísàlẹ̀, máa ń wu èèyàn lójú. Kò yẹ ẹni tó ń fi máàṣì bọ́ adìẹ. Máàṣì kúnná bí gàrí, ó ní ọ̀rá lára, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti tutù díẹ̀ á dì mọ́ ọ̀nà ọ̀fun páìpù. Ẹ yọjú lókè, ẹ rí i pé ó kún. Nísàlẹ̀ ebi ń pa adìẹ. Lásìkò òjò ó ń hu funfun nínú ibẹ̀, dídànù ló kù. Eku ní tirẹ̀ á jókòó sẹ́nu páìpù bí ẹni pé ihò rẹ̀ ni, àfi tí ẹ bá ń dé e pa lálaalẹ́. Tó bá jẹ́ fíìdì oníhóró lẹ ń lò, ó ṣì ṣeé gbìyànjú.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni fídà àtẹ̀ṣí: àpótí irin tí adìẹ á gun pátákó iwájú rẹ̀ kí ìdérí tó ṣí. Òun ló wọ́n jù. Adìẹ ẹlẹ́yin wọ̀n tó kílò 1.5 sókè, ẹ̀gà kò tó gíráàmù 50, eku ilé kì í sì í sábà kọjá gíráàmù 300. Ẹ gbé píọ̀ wọ́tà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á tàbí wẹ́dà tó ń ṣe é. Ọ̀rá 1 jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 500: ẹ gbé e lé pátákó, ìdérí ò gbọ́dọ̀ mira. Ẹ gbé 3 lé e, ó gbọ́dọ̀ ṣí pátápátá. Bí ọ̀rá 1 bá ṣí i, sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀ jù, eku méjì á gùn ún pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọmọ ìka tó kéré jù wá àlàfo ní ẹ̀gbẹ́ ìdérí. Ibi tó bá wọ̀, eku kékeré á wọ̀ ọ́. Ike kò ṣe é rà fún irú èyí, eku á ré e jẹ.

Òkété nìkan ni ẹ̀sùn tó kù. Ó lè wọ̀n ju kílò 1 lọ, ó lè tẹ pátákó yẹn bí adìẹ. Alẹ́ ló ń rìn, ẹ fi bíríkì lé ìdérí nírọ̀lẹ́.

Adìẹ ò ní mọ̀ ọ́n lò lọ́jọ́ kan. Ẹ fi igi gbé ìdérí sókè pátápátá fún ọjọ́ 4, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìdajì fún ọjọ́ 4 mìíràn, kí ẹ tó yọ igi. Ẹ kó fídà tó kù kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní kọ́ ọ. Ẹ dè é mọ́ ògiri, kó má baà dojú dé. Òròmọdìẹ àti pọ̀lẹ́ẹ̀tì kékeré (adìẹ tí kò tíì máa yé) kò wúwo tó láti ṣí i, ẹ fi àgbékọ́ bọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. Fún 20 adìẹ, 2 ni kí ẹ rà tí ẹnu rẹ̀ bá kéré, torí àwọn alágbára á máa lé àwọn ojo dànù.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, eku tí kò rí fídà jẹ mọ́ á wá àpò fíìdì rí nínú yàrá ìkẹ́rù. Ẹ ti ra dúrọ́ọ̀mù onírin tó ní ìdérí kí fídà tó dé.